Lórí Kẹ̀kẹ́ Lẹ́bàá Odò Loire Títí Dé Òkun

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa tó ti ka Ìwé Kìíní àti Ìwé Kejì tán, ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe ìrìn àjò òwò, kì í ṣe ti òkú tàbí ti ìgbéyàwó. Ìrìn àjò ìsinmi ni, orí kẹ̀kẹ́ la sì ti rìn ín.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ tiwa, irin iṣẹ́ ni kẹ̀kẹ́. Àwọn bàbá wa fi ru iṣu láti oko wá sílé. Ẹlẹ́mu fi gbé agbè ẹmu lọ sọ́jà. Àwa tíṣà gùn ún lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní abúlé. Bí àgbàlagbà bá wá gun kẹ̀kẹ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, tí kò ru nǹkan kan ju aṣọ pààrọ̀ lọ, a ó bi í pé kí ló sọnù tó ń wá. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, tọmọdé tàgbà, tọkùnrin tobìnrin.

Loire ni orúkọ odò náà. Bí wọ́n ti ń pè é lẹ́nu ni "Lùwáà". Kò sí odò tó gùn tó o ní gbogbo ilẹ̀ Faransé, nítorí ó lé ní 1,000 kìlómítà. Ẹsẹ̀ òkè kan tí wọ́n ń pè ní Gerbier de Jonc ló ti ṣẹ̀. Ó ṣàn lọ sí ìhà àríwá títí dé ìlú Orléans, níbẹ̀ ló ti yí ojú sí ìwọ̀ oòrùn, títí tó fi wọ Òkun Àtìláńtíìkì. Òkun kan náà tó ń fọ etí ilẹ̀ wa ní Èkó nìyẹn o.

Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n là sí ẹ̀bá odò yìí tó nǹkan bí 900 kìlómítà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, tí òun náà jẹ́ tíṣà, kò gun gbogbo rẹ̀. Ìlú Tours la ti bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ dé òkun lé ní 300 kìlómítà. Bí ènìyàn bá ń gun 40 tàbí 50 kìlómítà lójúmọ́, tó ń dúró jẹun, tó ń dúró wòran, ọ̀sẹ̀ kan tó o. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sáré lè fi ọjọ́ mẹ́ta dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni yóò rí lójú ọ̀nà?

Ọ̀nà náà kò le. Ibi tí odò ń gbà kì í ní òkè púpọ̀. Ibi tí ọ̀nà bá sì ti yà, wọ́n ti ri pátákó kékeré mọ́lẹ̀. Àwòrán kẹ̀kẹ́ wà lára rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ìlú tó kàn àti iye kìlómítà tó kù. Àwa méjèèjì kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n a lè ka orúkọ ìlú, a sì mọ nọ́ḿbà. Ìyẹn nìkan ló mú wa dé òkun. Ọ̀rọ̀ méjì mìíràn tún wà tí a tètè mọ̀ lójú, "Accueil Vélo". Ilé tí ẹ bá rí i lára ògiri rẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń retí níbẹ̀. Wọn yóò bá yín wá ibi tí ẹ lè ti kẹ̀kẹ́ mọ́, wọn yóò sì yá yín ní irin tí ẹ ó fi tún un ṣe. Ohun kan ṣoṣo tí kò dára ni afẹ́fẹ́. Láti òkun ló máa ń fẹ́ wá, nítorí náà iwájú ẹni ló ti ń kọluni. Àwọn mìíràn tó gbọ́n jù wá lọ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òkun, kí afẹ́fẹ́ lè máa tì wọ́n lẹ́yìn.

Ẹ má rò pé ẹ lè wẹ̀ nínú odò náà o. Ó rí jẹ́jẹ́ lójú, ṣùgbọ́n iyanrìn rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ibi tí ènìyàn bá tẹ̀ lè jìn wọlẹ̀ lójijì. Bí ó bá sì kún, ìjà ló ń jà. Nítorí èyí ni àwọn ará ibẹ̀ fi kó erùpẹ̀ jọ láti ayé àtijọ́, wọ́n mọ ọ́n ga bí ògiri sí ẹ̀bá odò láti dá omi dúró. Orí erùpẹ̀ yìí ni oníkẹ̀kẹ́ ń gbà ní ọ̀pọ̀ ibi. Síbẹ̀, omi ti fò ó rí. Lára ògiri ilé ní àwọn abúlé etídò, ẹ ó rí ìlà tí wọ́n fín sára òkúta, àti ọdún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 1846, 1856, 1866. Ibi tí omi ga dé lọ́dún náà nìyẹn. Mo dúró ti ọ̀kan, ìlà náà ga jù mí lọ. Omíyalé Ògùnpa gbé ilé àti ènìyàn lọ ní Ìbàdàn ní 1980. Mélòó nínú wa ló lè fi ọwọ́ kan ibi tí omi náà dé lára ògiri? Ọ̀dà díẹ̀ àti nọ́ḿbà mẹ́rin péré ló gbà.

Níbi tí odò Vienne ti wọ inú Loire, a kan abúlé kan tó ń jẹ́ Candes-Saint-Martin. Ibẹ̀ ni Bíṣọ́ọ̀bù Martin kú sí ní ọdún 397. Òun ni wọ́n ń sọ pé ó fi idà gé aṣọ ìbora rẹ̀ sí méjì nígbà òtútù, tó fún alágbe kan ní ìdajì. Wọ́n ní nígbà tó kú, àwọn ará Poitiers àti àwọn ará Tours bẹ̀rẹ̀ sí í du òkú rẹ̀. Nígbà tó di òru, tí àwọn Poitiers sùn lọ, àwọn ará Tours gbé òkú gba ojú fèrèsé, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n wà á gba orí omi lọ. Wọ́n tún ní bí ọkọ̀ ti ń kọjá ni òdòdó ń tanná ní etídò, bẹ́ẹ̀ oṣù kọkànlá ni, ìgbà tí igi kì í rúwé níbẹ̀. Ìtàn ni mo gbà á sí. Ṣùgbọ́n pé kí ìlú méjì máa jà lórí òkú ẹni ńlá, àwa kọ́ ni ìyẹn yóò yà lẹ́nu.

Láti ibẹ̀ lọ sí Saumur, òkúta funfun tó rọ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Wọ́n wà á láti fi kọ́ ààfin àti ṣọ́ọ̀ṣì, ihò tó kù sì di ilé. Àwọn kan ń gbé inú rẹ̀, àwọn kan ń tọ́jú ọtí síbẹ̀, àwọn mìíràn ń gbin olú sínú òkùnkùn rẹ̀. A jẹ nínú olú náà. Ó dùn, ṣùgbọ́n kò tó ti olú ilé wa.

Kí rélùwéè tó dé, odò yìí ni títì wọn. Ọkọ̀ onísàlẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n ń wà. Bí ó bá ń lọ sí òkun, omi ń gbé e. Bí ó bá ń padà, wọ́n ta ìgbòkun, afẹ́fẹ́ tó dà wá láàmú yẹn á máa tì í. Rélùwéè dé Tours ní 1846, ó dé Nantes ní 1851, òwò ọkọ̀ sì kú. Ìdí nìyẹn tí etídò náà fi dákẹ́ rọ́rọ́ lónìí.

Ṣùgbọ́n ní Nantes, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́.

Ìlú ńlá ni. Àwọn ilé gíga olókùúta wà létí omi. Wọ́n gbẹ́ orí ènìyàn sókè fèrèsé wọn, ojú aláwọ̀ dúdú sì wà nínú wọn. Kí ló gbé wọn dé ibẹ̀? Òwò ẹrú ni. Kò sí èbúté kankan ní ilẹ̀ Faransé tó ṣe òwò náà tó Nantes. Ọkọ̀ ẹrú gbéra níbẹ̀ ní ìgbà tó lé ní 1,700, àwọn ènìyàn tí wọ́n sì fi kó tó nǹkan bí 550,000. Wọ́n ń kó aṣọ, ìbọn, ọtí líle àti owó ẹyọ wá sí etí òkun wa. Ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ń gúnlẹ̀ sí ni Ouidah, tí kò jìnnà sí Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì. Àwọn Faransé ní ilé odi tiwọn níbẹ̀. Wọ́n kó ènìyàn lọ sí ilẹ̀ tí à ń pè ní Haiti lónìí, wọ́n sì kó ṣúgà àti kọfí padà sí Nantes. Àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú àwọn tí wọ́n kó. Títí di òní, ẹ̀yà òrìṣà kan wà ní Haiti tí wọ́n ń pè ní Nàgó, Ògún wà nínú wọn, Ogou ni wọ́n ń pè é.

Ọkọ̀ ẹrú kan ń jẹ́ Marie-Séraphique. Màríà ni wọ́n fi sọ ọ́, pẹ̀lú séráfù, áńgẹ́lì ọ̀run! Àwòrán rẹ̀ wà nínú ààfin Nantes, níbi tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ pamọ́ sí. Wọ́n ya bí wọ́n ti to àwọn ènìyàn sínú rẹ̀, bí ẹja inú agolo.

Ní 2012, ìlú náà ṣe ohun ìrántí kan sí etídò. Wọ́n ri gíláàsì kéékèèké bíi 2,000 mọ́lẹ̀. Orúkọ ọkọ̀ ẹrú àti ọdún rẹ̀ ló wà lára èyí tó pọ̀ jù, orúkọ èbúté sì wà lára àwọn tó kù. Ènìyàn kò lè gun kẹ̀kẹ́ kọjá kó kà wọ́n. A ń ti kẹ̀kẹ́, a tẹ orí ba, a ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà a sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí wọ́n kọ "òmìnira" sí ní èdè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50. Mo yìn wọ́n pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́. Ọdún 1848 ni Faransé fòpin sí ẹrú níní, ẹ ṣírò rẹ̀ wò.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó wọ̀ mí lára. Orúkọ ọkọ̀ la rí, a kò rí orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ mọ ìwé kọ dáadáa, ṣùgbọ́n iye ni wọ́n kọ: ọkùnrin mélòó, obìnrin mélòó, ọmọdé mélòó. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ orúkọ yín fún ìgbà àkọ́kọ́ ní kíláàsì wa, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Ọjọ́ kejì la jáde ní Nantes. Ọkọ̀ ojú omi kan gbé wa sọdá odò, wọn kò gbowó lọ́wọ́ wa. Lẹ́yìn èyí, pápá títẹ́jú ni, màlúù ń jẹko. Àwọn ilé apẹja kéékèèké dúró lórí ẹsẹ̀ igi nínú omi, àwọ̀n ńlá onígun mẹ́rin so mọ́ wọn níwájú. Odò ń fẹ̀ sí i, omi rẹ̀ ń níyọ̀. A rí afárá Saint-Nazaire tí wọ́n ṣí ní 1975, ó gùn ní 3,356 mítà. A kò gùn ún, nítorí afẹ́fẹ́ àti ọkọ̀ àjàgbé.

Ní Saint-Brevin, ọ̀nà tán, òkun ló kù. Ejò ńlá kan wà létí òkun níbẹ̀ tí wọ́n fi alumíníọ́mù ṣe ní 2012, egungun rẹ̀ nìkan ló hàn, ó gùn ju 100 mítà lọ. Bí òkun bá fà sẹ́yìn, a ó rí gbogbo ara rẹ̀. Bí òkun bá kún, omi á bo apá kan rẹ̀. A bọ́ bàtà, a ti táyà iwájú bọ omi. Ọ̀rẹ́ mi na ọwọ́ sí apá gúúsù, ó ní, "Ibí yìí ni wọ́n gbà."

A padà sí Nantes, a gbé kẹ̀kẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Tours. Nǹkan bí wákàtí méjì péré ni. A ń rí odò náà fìrí, fìrí, lójú fèrèsé, ṣùgbọ́n n kò rí pátákó kan ṣoṣo kà.