Kí Bíríkìlà Tó Rẹ́ Ògiri
Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ilé ṣe, ẹ má tíì jẹ́ kí bíríkìlà rẹ́ ògiri. Ẹ ní kí oníṣẹ́ iná kọ́kọ́ fi waya hàn yín. Waya 1.5 mm² tó fún gílóòbù; 2.5 ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ amúlétutù sábà máa ń fẹ́ 4. Bí waya tín-ín-rín bá gbé ẹrù ńlá, á gbóná, rọ́bà ara rẹ̀ á yọ́, iná á sì sọ nínú ògiri. Ká má tiẹ̀ sọ ti àwọn tó ń yọ waya earth kúrò torí owó! Òun ló ń gbé iná tó bá jò sára fíríìjì lọ sínú ilẹ̀, kó má baà gba ara ọmọ yín kọjá. Ẹ fi fóònù ya àwòrán gbogbo páìpù tí waya gbà kọjá nínú ògiri kí wọ́n tó bò ó; ẹni tó máa kan ìṣó lọ́la ò ní lu waya.