Ta Ló Ń Tọ́jú Àwọn Òbí Wa?



Ní 2015, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀kọ́ 15 lélẹ̀ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa tọ́jú arúgbó. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ náà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ní Ìgbàrà-Odò ńkọ́? A gba ọmọ ọ̀dọ̀ fún Ìyá, a ń fowó ránṣẹ́, ó parí.

Ẹ jẹ́ kí mẹ́rin péré di dandan: ọwọ́ fífọ̀, gbígbé àgbà dìde láìfà wọ́n lápá, fífún wọn lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀ ní ìjókòó, kó má baà há wọn lọ́fun, àti ọ̀wọ̀, kí a ti ilẹ̀kùn kí a tó wẹ̀ fún wọn.

Ní báńkì, a kì í fi ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ sídìí owó. Òbí ju owó lọ. Kí ẹgbẹ́ wa pe nọ́ọ̀sì wá kọ́ wọn lọ́dún yìí. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.