Ta Ló Ń Wo Kàlẹ́ńdà Yín Níbi Iṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìdílé sọ ní Forest Hill

A mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ibi iṣẹ́ wá tààrà, ẹlòmíràn sì ń ti ibí lọ síṣẹ́ alẹ́. A ò ní pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà la fẹ́ sọ. Kì í ṣe èyí tí à ń gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀ o. Èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ là ń wí. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ilé ìtọ́jú àgbàlagbà àti ọ́fíìsì kánsù ló ń lo Outlook tàbí Google Calendar báyìí. Ọ̀gá máa ń wò ó kó tó pe ìpàdé. Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń wò ó kí wọ́n lè mọ ìgbà tí àyè yín ṣí sílẹ̀. Ohun tó dáa ni. Ṣùgbọ́n èèyàn lè máa kọ ọ̀rọ̀ àṣírí ara rẹ̀ síbẹ̀ láìmọ iye ojú tó ń kà á.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Bọ́ọ̀sì 197 ń ti Peckham gba Forest Hill lọ sí Croydon, níbi tí Lunar House ti Home Office wà. Tí èèyàn bá kọ "Lunar House, aago mẹ́wàá" sínú kàlẹ́ńdà ibi iṣẹ́, ó ti sọ ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó lè ṣí i. Tí aboyún bá kọ "antenatal, King's", ó ti kéde oyún nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, òfin fún un láyè. Láti gba ìsinmi ìbímọ, ó lè dúró di ìgbà tó ku ọ̀sẹ̀ 15 sí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń retí ọmọ kó tó sọ fún ọ̀gá. Tí iṣẹ́ náà bá le, ó dáa kó tètè sọ, kí wọ́n lè dáàbò bò ó. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló yẹ kó sọ ọ́. Kàlẹ́ńdà ò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Báwo lẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò? Nínú Outlook, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún eku kọ̀ǹpútà tẹ orúkọ kàlẹ́ńdà yín, kí ẹ wá yan "Sharing and permissions". Orúkọ àwọn èèyàn á jáde, pẹ̀lú àyè tí wọ́n fún oníkálukú. "Can view when I'm busy" ni pé wọ́n á rí i pé ọwọ́ yín dí, wọn ò ní rí ìdí rẹ̀. "Can view titles and locations" ni pé wọ́n á rí ohun tí ẹ pè é àti ibi tí ẹ ń lọ. "Can view all details" ni pé wọ́n á rí gbogbo ẹ̀ pátá. "Can edit" ni pé wọ́n tún lè yí i padà. Ẹ wo ìlà "People in my organization" dáadáa, nítorí gbogbo ibi iṣẹ́ yín ni.

Tó bá jẹ́ Google, orí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kàlẹ́ńdà, kí ẹ yan "Settings and sharing". Tí wọ́n bá ti máàkì "Make available to public", ẹni tí kò mọ̀ yín rí pàápàá lè rí i.

Ẹlòmíràn á ní, "Mo ti fi sí Private." Ó dáa, àmọ́ ilé iṣẹ́ Microsoft fúnra wọn kìlọ̀ pé kí èèyàn má gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn nìkan. Ọ̀nà tó dájú ni kí ẹ kọ "Appointment" lásán. Ọ̀gá ní láti mọ ìgbà tí ẹ ò ní sí níbẹ̀; kò pọn dandan kí gbogbo ọ́fíìsì mọ ibi tí ẹ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ẹgbẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ Sátidé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Tí ẹnì kan bá ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ náà. Ní ilé iṣẹ́ ńlá tó ń lo Outlook, ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà lè fi àṣẹ tó ń jẹ́ Get-MailboxFolderPermission wo gbogbo ẹni tó ní àyè sí kàlẹ́ńdà kan. Ẹ ní kó bá yín wò ó.

Tó bá wá jẹ́ pé ti ẹlòmíràn lẹ rí ní ṣíṣí ńkọ́? Ẹ má kà á, ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ lẹnu ń sọ. Ẹ rọra pe onítọ̀hún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ sọ fún un.

Òfin náà wà lẹ́yìn yín. Lábẹ́ Data Protection Act ti 2018, ọ̀rọ̀ ìlera wà lára ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣọ́ lọ́nà àrà ọ̀tọ̀. Ẹ lè kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ yín pé kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà ohun tí wọ́n ní nípa yín. Oṣù kan ni wọ́n sábà máa ń ní láti fi dáhùn, kì í sì í sábà gba owó. Tí ẹ bá ti bá wọn sọ ọ́ tí wọn ò gbọ́, ẹ lè fẹjọ́ sun Information Commissioner's Office.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Lọ́la, kí ẹ tó mu tíì níbi iṣẹ́, ẹ ṣí kàlẹ́ńdà yín wò. Tí kò bá yé yín, ẹ mú un wá sọ́dọ̀ wa, a ó jọ wò ó.