Ta Ló To Lẹ́tà Ìwé Orin Yìí?

Awakọ̀ tó wà láàárín wa lè máa sọ nínú ara rẹ̀ pé kí ló kan òun nínú ọ̀rọ̀ ìwé orin. Ẹ fún wa ní sùúrù díẹ̀.

Nígbà tí Petrucci ń tẹ ìwé orin ní Venice ní 1501, ojú ìwé kan ṣoṣo a máa wọ inú ẹ̀rọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: wọ́n á tẹ ìlà, wọ́n á tún tẹ àmì ohùn lé e lórí. Bí ó bá yẹ̀ díẹ̀, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ní 1528, Pierre Attaingnant gbé ìwé orin Faransé jáde ní Paris. Òun da ìlà àti àmì pọ̀ sára lẹ́tà òjé kan náà, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Kò dán tó ti Petrucci, ìlà rẹ̀ a máa já, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yá, owó ìwé sì wálẹ̀.

Àwọn ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì wa tí ń lo sol-fa kò ní wàhálà yẹn. D, r, m, lẹ́tà lásán ni. Wàhálà tiwa ni ẹ, ọ, ṣ. Àpótí lẹ́tà tí Òyìnbó ṣe fún èdè tirẹ̀ kò ní wọn, àfi kí a dá wọn rọ lọ́tọ̀.

Ní Ìbàdàn níhìn-ín, D. A. Ọbasá tó ni Ilé Ìtẹ̀wé Iláré bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn The Yoruba News ní 1924. Ní 1927 ó tẹ Ìwé Kìíní ti Àwọn Akéwì. Orúkọ akéwì ni à ń rí lára irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ti ẹni tó dúró látàárọ̀ dalẹ́, tó ń ṣa lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń kà á ní ìdàkejì bí ẹni ń wo dígí, tí yóò sì tún dá gbogbo rẹ̀ padà sínú àpótí bí ìwé bá parí. Òjé sì ni lẹ́tà náà o! Ìka tó kó òjé ni wọ́n fi ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Májèlé ni òjé jẹ́ fún ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni ní Ìsàlẹ̀ Òsì, Ọjà'ba, Bẹẹrẹ tàbí Mápó, tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti to lẹ́tà rí, kí ó mú orúkọ àti ọdún iṣẹ́ rẹ̀ wá. Bí àpótí lẹ́tà bá ṣì wà nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tà á fún àwọn onírin àlòkù. Akọ̀wé yóò ṣí ìwé sílẹ̀ lórí tábìlì. A kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.