Kókó Àìwọ́pọ̀ Tí Í Yọ li Ojú Ara Obìnrin

Ẹ̀yin ìyá, àti ẹ̀yin arákùnrin pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ tí àwa mú wá li alẹ́ òní kì í ṣe èyí tí a máa ń sọ li àwùjọ. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ìtìjú ti ń mú kí obìnrin fi àìsàn tí ó ní ìtọ́jú pamọ́ fún ọdún púpọ̀, ó tọ́ kí a pe nǹkan li orúkọ rẹ̀.

Bí kókó bá yọ li ojú ara, oówo li a kọ́kọ́ ń pè é, tàbí ìpá, tàbí àpò omi tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ti Bartholin, èyí tí í wú li ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà nígbà tí ihò tí omi ń gbà sun bá dí. Lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n àwọn kókó mìíràn wà, tí kò wọ́pọ̀ rárá, tí wọ́n ń hù láti inú ẹran rírọ̀ abẹ́ awọ. Ọ̀kan nínú wọn ni aggressive angiomyxoma, tí Steeper àti Rosai ṣe àpèjúwe rẹ̀ li ọdún 1983 li ara obìnrin mẹ́sàn-án.

Kókó yìí rọ̀ bí ẹ̀kọ. Kì í sábà dunni, díẹ̀díẹ̀ li ó sì ń dàgbà. Àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn kò tíì dá li ó ń bá jù. Ẹ̀tàn rẹ̀ li èyí: ohun tí a rí ní ìta lè kéré, kí ìyókù sì ti wọ inú ìbàdí lọ jìnnà. Ẹni tí ó bá là á bí oówo kì yóò rí ọyún. Nítorí náà, kí a tó fi abẹ kàn án, ẹ̀rọ MRI ni kí a fi wo bí ó ti jìn tó.

Kókó kan tún wà tí ó jọ ọ́, angiomyofibroblastoma, tí Fletcher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àpèjúwe rẹ̀ li ọdún 1992. Èyí kì í sábà padà bí a bá ti yọ ọ́ tán. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, bí kò ṣe awò tí í sọ ohun kíkíní di ńlá. Li ojú tiwa, kò sí ohun tí ó burú tó pé kí a gé kókó kí a sì jù ú nù láì rán an sí ilé àyẹ̀wò.

Iṣẹ́ abẹ ni ìtọ́jú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ pè é ní oníjà, ṣùgbọ́n ìjà rẹ̀ kò ju pípadà sí ojú kan náà lọ. Ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kí ó tàn dé ibòmíràn. Nítorí èyí, a kò gbọdọ̀ ba àpò ìtọ̀ tàbí ọ̀nà ìgbẹ́ jẹ́ nítorí kí a lè fa gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ tu. Níwọ̀n bí omi ara tí ń ṣe àkóso nǹkan oṣù ti sábà máa ń bọ́ ọ, àwọn oníṣègùn a máa fún ẹlòmíràn li oògùn tí ń dá omi náà dúró, kókó a sì súnkì.

Ó lè padà lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Kí obìnrin náà máa lọ fún àyẹ̀wò, kí ó sì tọ́jú ìwé èsì rẹ̀ dáradára, nítorí oníṣègùn tí yóò wò ó li ọdún mẹ́wàá òní lè má jẹ́ ẹni tí ó gé e.