Ohun Ẹgbẹ́ Kì í Ṣe Ohun Ẹnì Kan

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ìlú, ilé ìgbẹ̀bí àti ilé-ẹ̀kọ́ ni ó jẹ́ pé owó tí àwọn ọmọ ìlú dá jọ ni a fi kọ́ wọn. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ń bẹ, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ń bẹ, ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú àwọn opó àti ọmọ aláìlóbìí ń bẹ pẹ̀lú. Iṣẹ́ wọn yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ẹgbẹ́ kì í sábà bi ara rẹ̀ títí ìjà yóò fi dé: ta ni ó ni ohun tí ẹgbẹ́ ní?

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àpèjúwe. Ká sọ pé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè kan dá owó jọ fún ọdún mẹ́rin, ó sì ra púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ méjì láti kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí. Nígbà tí ó di àtikọ ìwé ilẹ̀, ẹgbẹ́ kò ní orúkọ lábẹ́ òfin, nítorí náà orúkọ alága ni wọ́n kọ sí i. Olóòótọ́ ènìyàn ni alága. Kò sí ẹni tí ó kọminú. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, alága papò dà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣí àpótí bàbá wọn, wọ́n bá ìwé ilẹ̀ níbẹ̀, orúkọ bàbá wọn ni wọ́n sì rí nínú rẹ̀. Wọn kì í ṣe olè. Ohun tí ìwé wí ni wọ́n kà. Ẹgbẹ́ pariwo, àwọn ọmọ pariwo, ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́. Owó tí ì bá ra bẹ́ẹ̀dì fún àwọn aboyún wá di owó lọ́yà.

Òfin ti wá oògùn sí irú àrùn yìí tipẹ́tipẹ́. Ní ọdún 1924 ni òfin kan ti jáde ní Nàìjíríà tí ó fi àyè gba ẹgbẹ́ àti ìjọ láti máa ní ilẹ̀ láìsí pé ikú ẹnì kan yóò gbà á lọ́wọ́ wọn. Òfin ọdún 1990 gba ipò rẹ̀. Èyí tí ó rọ́pò ti ọdún 1990 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2020. Lábẹ́ òfin yìí, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ fún ìsìn, ẹ̀kọ́, àṣà, ìdàgbàsókè, eré ìdárayá tàbí iṣẹ́ àánú lè yan àwọn olùtọ́jú ohun-ìní, kí ó sì fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ìjọba tí a mọ̀ sí CAC. Láti ọjọ́ tí ó bá ti gba ìwé-ẹ̀rí, ẹgbẹ́ di ẹnì kan lójú òfin. Ó lè ra ilẹ̀, ó lè pe ẹjọ́, a sì lè pè é lẹ́jọ́. Alága lè kú, akọ̀wé lè ṣí kúrò ní ìlú; ẹgbẹ́ kò kú, ilẹ̀ rẹ̀ kò sì di ogún ẹnikẹ́ni.

Báwo ni a ṣe ń ṣe é? Ẹgbẹ́ yóò pe ìpàdé, yóò yan àwọn olùtọ́jú, yóò sì fọwọ́ sí ìwé òfin tí ó sọ iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe, bí a ó ṣe máa yan olóyè àti bí a ó ṣe máa ná owó. Ọmọdé tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé kò lè jẹ́ olùtọ́jú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi jìbìtì láàrin ọdún márùn-ún sẹ́yìn. A ó kéde ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, ẹni tí ó bá sì ní àtakò ní ọjọ́ 28 láti fi kọ̀wé sí àjọ náà.

Ìforúkọsílẹ̀ nìkan kò tó. Owó ẹgbẹ́ aláàánú kì í ṣe owó èsúsú. Ẹni tí ó dá èsúsú, owó ara rẹ̀ ni ó ń kó. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ náà lè pín èrè, nítorí òfin tirẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí a fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà yìí kò gbọ́dọ̀ pín owó rẹ̀ bí èrè fún ọmọ ẹgbẹ́, ìbáà jẹ́ nígbà Kérésìmesì, ìbáà jẹ́ nígbà Iléyá. Ó lè san owó iṣẹ́ tí ó tọ́ fún òṣìṣẹ́. Ó sì lè dá owó tí ènìyàn ná lápò ara rẹ̀ fún iṣẹ́ ẹgbẹ́ padà. Ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ná owó náà lòdì sí òfin, òun ni yóò san án padà. Lọ́dọọdún pẹ̀lú, láàrin ọjọ́ 30 oṣù kẹfà àti ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí àjọ náà láti sọ orúkọ àwọn olùtọ́jú rẹ̀ àti ilẹ̀ tí ó ní.

Bí àwọn olùtọ́jú bá wá ń ṣe owó ẹgbẹ́ mọ́kumọ̀ku ńkọ́? Abala 839 òfin náà sọ pé ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, tàbí àjọ náà fúnra rẹ̀, lè mú ẹ̀bẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ pé kí a dá wọn dúró. Nínú ẹgbẹ́ tí ó ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ogún ènìyàn ti tó. Nígbà tí òfin yìí jáde, àwọn aṣáájú ìjọ kan fi ẹ̀hónú hàn pé ìjọba fẹ́ ki ọwọ́ bọ ọ̀ràn ìsìn. Ẹgbẹ́ tí ń ka ìṣirò owó rẹ̀ sí etí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, tí kì í jẹ́ kí ènìyàn kan ṣoṣo fọwọ́ sí ìwé báńkì, ni ẹ̀rù abala yìí kì í bà.

Nítorí náà, ẹ béèrè ohun mẹ́ta ní ìpàdé tí ń bọ̀. Orúkọ ta ni ó wà lórí ìwé ilẹ̀ ẹgbẹ́? Níbo ni ìwé náà wà? Nígbà wo ni akápò ka ìṣirò owó gbẹ̀yìn? Bí ó bá jẹ́ orúkọ ẹnì kan ni ó wà lórí ìwé, ẹ lọ rí lọ́yà nígbà tí ẹni náà ṣì wà láàyè, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ilẹ̀ náà fún ẹgbẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀. Olóòótọ́ kò ní bínú sí i. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Èyí tí a fi òógùn ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́, ẹ fi òfin dè é kí ó lè dúró.