Ọmọdé Ṣì Ni, Eré Ló Fẹ́ Ṣe

Bẹ́ ẹ bá wà nínú bọ́ọ̀sì, bẹ́ ẹ bá wà nídìí aṣọ fífọ̀, ẹ fi íápíìsì sétí dáadáa. Ọ̀rọ̀ ọmọdé la fẹ́ sọ lónìí.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣàdédé wú. Ọmọ ọdún 5 ni. A rò pé eyín ló ń dùn ún, la bá ra oògùn ní kẹ́mísì. Kò pẹ́ tí eyín rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti sọ fún wa pé jẹjẹrẹ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Burkitt lymphoma. Dókítà Denis Burkitt ló kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1958, lẹ́yìn tó rí i lára àwọn ọmọdé ní Uganda. Kíákíá ló máa ń dàgbà, àmọ́ ó máa ń gbọ́ oògùn, pàápàá tí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Ẹ̀gbọ́n mi ń tajà kówó oògùn lè pé, èmi ni mo wá ń sùn ti ọmọ ní wọ́ọ̀dù. Láàárọ̀, nọ́ọ̀sì á wá gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ máa ka ení, èjì, ẹ̀ta títí abẹ́rẹ́ á fi jáde. Tí mo bá fo nọ́ńbà kan, ó di ìjà! Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fún un lóògùn, ó máa ń bì ṣáá. Nígbà tí irun rẹ̀ re sórí ìrọ̀rí, ó bi mí pé, "Àǹtí, ta ló gé irun mi lójú oorun?"

Àmọ́ tára bá ti tù ú díẹ̀, òun àtàwọn ọmọ yòókù á máa fi ìdérí ìgò gbá bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀. Ọ̀pá dírípù méjì ni ojúlé. Lọ́jọ́ kan, tíṣà rẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, níbi tó ti ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì. Nígbà tó kan orúkọ tiẹ̀, ó jókòó ṣánṣán lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Mo wà níbí, mà!"

Ilé gan-an ló ti le jù. Láàárín oògùn kan sí èkejì, wọ́n máa ń ní ká gbé e lọ sílé. Kò sẹ́ni tó bú u ní àdúgbò. Wọ́n kàn ń pe ọmọ wọn wọlé ni. Mi ò sì lè bú wọn, torí èmi náà ti kọ́kọ́ ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀.

Ẹ gbọ́ o: jẹjẹrẹ kì í ràn. Òun gan-an ló yẹ ká dáàbò bò, torí oògùn náà máa ń dín agbára ara rẹ̀ kù. Tí ẹ bá ní ọ̀fìnkìn, ẹ má wá. Tára yín bá le, ẹ fọ ọwọ́, kẹ́ ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ bá a ṣeré. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí i. Ẹ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, torí wọ́n máa ń nílò rẹ̀.

Lọ́dún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe àfojúsùn pé tó bá fi máa di 2030, ó kéré tán ọmọ 60 nínú 100 tó ní jẹjẹrẹ á máa yè é. Tiwa ti parí oògùn báyìí, àyẹ̀wò ló kù tó ń lọ ṣe. Kó tó dé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ oṣù ló lò, ó sì fẹ́ ṣọmọdé nínú gbogbo wọn.